Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Wa àti Ọdún Tí Ń Bọ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ọmọdé ni ọ́, n kò sì ní bá ọ wíjọ́ bí ó bá jẹ́ pé iwájú ni ojú rẹ ń lọ nígbà gbogbo. Èmi ni mo ti dàgbà, tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ̀yìn sì ti di ibi tí mo mọ̀ ju iwájú lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́rin láti inú ikọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ìlú wa, Lánlátẹ̀, wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí wọ́n ní kí n sọ bí mo ti rò pé ọdún tí ń bọ̀ yóò ti rí fún wọn, n kò lè dá wọn lóhùn láìkọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún wọn, mo sì ń sọ ọ́ fún ìwọ náà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ikọ̀ náà hàn ọ́. Ní gbogbo sáà tí ó kọjá, wọn kò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ta ọ̀mì. Ìyókù, wọ́n pàdánù rẹ̀. O mọ̀ pé Èrúwà kò jìnnà sí wa. Bí wọ́n bá nà ọ́ ní Èrúwà ní ọ̀sán, ìròyìn rẹ̀ yóò ti dé Lánlátẹ̀ kí ìwọ fúnra rẹ tó dé ilé. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tilẹ̀ ju ọsàn sí aṣọ́lé wọn lójú pópó, aṣọ́lé sì mú un, ni ọmọ kékeré náà bá pariwo pé, "Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè mú nǹkan!" Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Aṣọ́lé náà, tí ó jókòó níwájú mi, kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gàn nìkan kọ́ ni ó gbé wọn wá. Wọ́n ti sọ fún wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ pé owó ọkọ̀ kò ní sí mọ́ fún ikọ̀ tí ó jẹ́ pé kí wọ́n lè nà án ni ó ṣe ń rìnrìn-àjò. Bí ọdún tí ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, a óò tú ikọ̀ náà ká. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí Ọlọ́run ti fi owó jíǹkí, ránṣẹ́ sí wọn pé òun yóò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ní òun mọ ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Ìbàdàn tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ wọn dáadáa. Òun yóò sanwó fún wọn. Wọn yóò wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn yóò gbá bọ́ọ̀lù, wọn yóò sì máa lọ. Mẹ́sínárì ni ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń pe irú wọn, ìwọ náà sì lè ti rí wọn rí, àwọn géńdé tí wọ́n ti fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó wọ ṣòkòtò péńpé.

Mo bi wọ́n pé, "Orúkọ ta ni wọn yóò máa jẹ́?"

Balógun ikọ̀ dáhùn pé, "Orúkọ wà nílẹ̀, Bàbá. Àwọn kan wà nínú ìwé ìpè-orúkọ tí wọn kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ láti sáà tí ó kọjá."

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gbé mi lọ sí ọdún 1978.

Ní àkókò náà, bọ́ọ̀lù ń gbóná ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1976, Shooting Stars ti Ìbàdàn ti gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà, lẹ́yìn tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé, àwọn sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú ife bẹ́ẹ̀. Kò sí ọmọdékùnrin kan ní Ìbàràpá tí kì í pe ara rẹ̀ ní Muda Lawal tàbí Odegbami nígbà tí ó bá ń gba ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí n kò ní dárúkọ, èmi sì ni balógun ikọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbá apá ọ̀tún. Láti abúlé kan lọ́nà Máyà ni ó ti wá, a sì jọ ń jókòó lórí àga kan náà ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí ó gbà. Gbogbo ọdún ni ó fi ń múra sílẹ̀ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn tí a ó gbá pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìgbó-Ọrà.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, sòbìà yọ sí i lẹ́sẹ̀.

Ìwọ kò mọ sòbìà, kí Ọlọ́run má sì jẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Aràn ni, ó gùn tó okùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Inú omi adágún ni a ti ń mu ún, nínú àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Yóò máa gbé inú ara ènìyàn fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó lu awọ ara jáde, lẹ́sẹ̀ ní pàtàkì, pẹ̀lú oró bí ẹni tí iná ń jó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fà á já. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì máa ń jà jù ní ọ̀dọ̀ wa, ìgbà tí odò ti gbẹ tí ó ku adágún nìkan. Àgbẹ̀ kò ní lè lọ sí oko, ọmọdé kò ní lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Òkìkí Ìdèrè kàn dé Yunifásítì Ìbàdàn àti òkè òkun nítorí àìsàn yìí, àwọn onímọ̀ ìlera sì wá ń ṣèwádìí níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ka àwọn tí ó ní i káàkiri Nàìjíríà ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, iye wọn ju 600,000 lọ. Asẹ́ ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kí a tó mu ún, àti kànga tí ó dára, àti àwọn ènìyàn tí wọ́n ń rìn láti abúlé dé abúlé láìsú wọn. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í lè dárúkọ sòbìà kí n má sọ bí ó ti tán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí 1978. Olùkọ́ tí ń mójútó ikọ̀ wa wá ọkùnrin kan rí, ẹni tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó. Ó ní kí a má ṣe dààmú ara wa lórí ìwé. Ọkùnrin náà yóò gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orúkọ ọ̀rẹ́ mi, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ọ̀rẹ́ mi ti wà nínú ìwé tí a fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ìwé ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan ni ó kù kí a kọ. Nítorí pé ìkọ̀wé mi dára, èmi ni ó gbé kálàmù fún. Mo kọ orúkọ mọ́kànlá. Nígbà tí mo dé orí ìkeje, mo dúró díẹ̀, bí ẹni tí ń ronú bí a ti ń kọ orúkọ tí ó mọ̀ dunjú. Lẹ́yìn náà mo kọ ọ́.

Ní ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi gùn ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ wá láti abúlé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ nǹkan kan fún un. Wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán ní igun pápá. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní ìbejì méjì nínú ikọ̀ wọn, bí o ti mọ̀ pé ìlú ìbejì ni, Táyé sì jọ Kẹ́hìndé débi pé ìyá wọn nìkan ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ wa dìde, ó ń bá rẹfirí jà pé kí ó wò ó dáadáa, kí ọmọ kan má bàa jáde kí èkejì sì fi orúkọ rẹ̀ wọlé. Ó ń pariwo pé òtítọ́ ni ó yẹ kí ó borí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú kò tì mí ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ mìíràn ni ó tó tì mí.

Ọkùnrin náà gbá góòlù méjì wọlé, a sì borí. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pariwo orúkọ, kì í sì í ṣe orúkọ ọkùnrin náà, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ń pè. Mo wo igi ọ̀dán. Ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì ń wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀lé e, mo pàdé ìyá rẹ̀ nídìí gàrí tí ó ń tà. Àwọn ènìyàn ti ń kí i láti òwúrọ̀ pé ọmọ rẹ̀ gbé ilé-ẹ̀kọ́ ga. Ó pè mí súnmọ́ra, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi là á yé. Èwo nínú àwọn ọmọ mi ni ó gbá bọ́ọ̀lù náà?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ máa wò wọ́n, Ìyá, àwọn ènìyàn ń ṣeré ni." Ó bu gàrí fún mi. Mo gbà á.

Nígbà tí ọdún yípo, a tún ń múra. Ọkùnrin náà kò wá, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ti san owó tí ó ju tiwa lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ti sàn. Mo lọ bá a pé kí ó padà sí apá ọ̀tún. Ó wò mí pẹ́, kò bínú, ó kàn sọ pé, "Mo ti gbá góòlù méjì lọ́dún tó kọjá. Ó tó." Kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí a fi jáde. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì tí à bá ti tọ́ sọ́nà láti rọ́pò rẹ̀, a kò tọ́ wọn, nítorí pé a ti rò pé ẹni tí a óò yá yóò máa wà títí. A pàdánù gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọdún náà. Aṣọ àyálò kò yẹni. Bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo parí ìtàn yìí, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́. Ṣùgbọ́n balógun wọn kì í ṣe ọmọ tí a ń fi ìtàn tàn jẹ. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo wọn ni ó ń ṣe é. Àwa nìkan ni a óò máa ṣe olóòótọ́ tí a óò sì máa jẹ ìyà?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì fẹ́ kí ìwọ náà fojú kéré rẹ̀. Mo sọ fún un pé òtítọ́ ni pé wọ́n ń ṣe é, kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan. Ní oṣù kejì ọdún 1989, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń bá àwọn ọ̀dọ́ Soviet gbá bọ́ọ̀lù ní Dammam ní ilẹ̀ Saudi Arabia, nínú ìdíje àgbáyé. Góòlù mẹ́rin sí òdo ni wọ́n ti fi jẹ wọ́n, kí ó tó di pé láàárín àkókò tí kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wọ́n san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, wọ́n sì borí pẹ̀lú pẹ́nárítì. Gbogbo ayé hó. Ní ọdún kan náà ni FIFA lé Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́-ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ìdíje àgbáyé ti 1991, tí ó yẹ kí ó wáyé ní ilẹ̀ wa, bọ́ sọ́wọ́ Portugal. Rò ó wò: ọmọ ọdún méjìdínlógún wo ni ó wà nílé ní 1991, tí ọjọ́-ìbí tirẹ̀ pé, tí ó sì ti ń múra sílẹ̀ láti ọdún mélòó kan? Ọdún tirẹ̀ ni wọ́n ná.

Ṣùgbọ́n n kò pe àwọn ọmọ náà jókòó láti bá wọn wí nìkan. Ọ̀rọ̀ ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n bá wá, ó sì tọ́ kí n dá wọn lóhùn bí ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù. Àgbẹ̀ ilẹ̀ wa tí ẹ̀gúsí rẹ̀ kò so kì í kọ́kọ́ sọkún. Yóò bi ara rẹ̀ bóyá irúgbìn ni, tàbí ilẹ̀, tàbí òjò, tàbí koríko. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi bí góòlù kọ̀ọ̀kan ṣe wọlé. Wọ́n kà á, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń ya pápá sí ilẹ̀ pẹ̀lú igi. Kí a tó kà á tán, ohun kan ti hàn sí gbogbo wa tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí: èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọlé ní ogún ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Irúgbìn kò burú. Èémí ni kò sí. Wọn kì í ṣe ìdánrawò àfi ní ọ̀sẹ̀ tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, nígbà tí ó bá sì di ìdajì kejì, àwọn ẹ̀yìn a dúró bí igi ògiri, aṣọ́lé nìkan ni yóò kù. Aṣọ́lé tí wọ́n ń fi ọsàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni ó dára jù nínú wọn. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹni méjọ nínú mọ́kànlá ni yóò padà wá. Ẹni tí ń gbá iwájú ti ṣe ìdánwò àṣejáde, ó ti lọ. Àyè rẹ̀ ṣófo, n kò sì bò ó mọ́lẹ̀ pé ìṣòro ńlá ni. Wọ́n ní ọmọ kékeré kan wà ní kíláàsì kẹta tí ó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fi ọwọ́ jù ú, ṣùgbọ́n wọn kò tíì pè é rí nítorí pé ó kéré. Mo ní kí wọ́n lọ pè é ní ọ̀la.

Bí o bá ń retí kí n sọ pé wọn yóò gba ife, ìwọ yóò dúró pẹ́. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé bí wọ́n bá ń sáré ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti ìsinsìnyí, wọn yóò borí bóyá ní ẹ̀ẹ̀mejì, wọn yóò ta ọ̀mì díẹ̀, àwọn ará Èrúwà yóò sì tún nà wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní rọ̀ wọ́n lọ́rùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bóyá ìyẹn tó láti mú kí owó ọkọ̀ wà, bóyá kò tó. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ já bọ́ kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ ní 2017, wọ́n gòkè, wọ́n tún já bọ́, 2021 ni wọ́n padà wá. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024, kí wọ́n tó gba ife ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2025. Shooting Stars wa pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ògo 1976, já bọ́ ní 2017, ọdún 2021 ni ó sì tó padà. Mo sọ fún balógun pé kí ó lọ ronú. N kò gba ìlérí kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé ọ̀rẹ́ mi lọ́nà Máyà. Mo ti ń kí i láti ọdún pípẹ́, ní ibi ìgbéyàwó àti ibi òkú, ṣùgbọ́n a kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rí. Ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń pa ẹ̀gúsí. Mo sọ fún un pé, ní 1978, olùkọ́ nìkan kọ́. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé náà.

Kò dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. Ó ní, "Rẹfirí gbé ìwé náà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀dán. Mo mọ ìkọ̀wé rẹ."

A dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kejì sí mi, ó bu ẹ̀gúsí sínú ìgbá kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ kí n máa bá a pa á. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni àwọn ọmọ náà máa ń sáré ní òwúrọ̀, àti pé ta ni ń gbá apá ọ̀tún.